Kí ẹ tó sanwó ilé ẹ̀kọ́ ìjà fún ọmọ yín

Ẹ jẹ́ ká sọ pé bàbá àgbẹ̀ kan wà ní Ìjẹ̀ṣà-Isu, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìkọ̀lé. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti oko dé, kò tíì bọ́ bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀, nígbà tí fóònù rẹ̀ dún. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tó wà ní yunifásítì ní Ọyẹ́ ló ń pè. Lẹ́yìn tó kí bàbá rẹ̀ tán, tó sì béèrè àlàáfíà ìyá rẹ̀, ó ní kí wọ́n jọ̀wọ́ fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ sí òun. Kì í ṣe owó ìwé, kì í sì í ṣe owó oúnjẹ. Ó ní àwọn kan ń kọ́ni ní ìjà kan tí wọ́n ń pè ní MMA, pé òun ti rí ọ̀gá ibẹ̀, ọ̀gá náà sì ti ní kí òun mú owó ìforúkọsílẹ̀ wá kí ọ̀sẹ̀ tó parí.

Kí ni kí bàbá yìí sọ? Ohun mẹ́ta ni yóò kọ́kọ́ sọ sí i lọ́kàn. Èkínní ni pé kí owó iṣu òun má lọ bọ́ sápò oníjìbìtì. Èkejì ni pé kí wọ́n má sọ ọmọ òun di aláàbọ̀ ara. Ẹ̀kẹta ló wúwo jù: ṣé kì í ṣe ẹnu ọ̀nà ẹgbẹ́ òkùnkùn nìyẹn?

Ọ̀rọ̀ yìí kan ọ̀pọ̀ òbí ní àríwá Èkìtì. Láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti dá yunifásítì sílẹ̀ ní Ọyẹ́-Èkìtì ní 2011, tí ọgbà rẹ̀ kan wà ní Ọyẹ́ tí òmíràn sì wà ní Ìkọ̀lé, ọmọ láti oríṣiríṣi ìlú ló ti dé sáàárín wa, àṣà tuntun sì bá wọn dé. Àwọn ọmọ tiwa náà ń rí ohun tí ayé ń rí lórí fóònù wọn. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ọmọ lè mọ orúkọ gbogbo akọni tó ń jà lórí fóònù, ṣùgbọ́n òbí ló mọ ìbéèrè tó yẹ kí wọ́n bi ẹni tó bá ní òun fẹ́ kọ́ ọmọ ẹni níṣẹ́. Àwọn ìbéèrè náà ni a fẹ́ tò kalẹ̀ lónìí.

KÍ NI MMA GAN-AN?

Ìjà àdàpọ̀ ni. Ẹni tó ń jà á lè kan ẹ̀ṣẹ́ bíi ti abẹ̀ṣẹ́-kù-bí-òjò, ó lè fi ẹsẹ̀ ta ni bíi ti àwọn oníkàráté, ó lè gbé ènìyàn ṣánlẹ̀ bíi ti oníjàkadì, bí wọ́n bá sì dé ilẹ̀, ó lè há ọwọ́ tàbí ọrùn ẹnì kejì mọ́ra títí onítọ̀hún yóò fi gbà pé òun kò lè mọ́. Bí ó bá ti fi ọwọ́ lu ilẹ̀ tàbí lu ara ẹni tó mú un, ìjà parí nìyẹn.

Oṣù Kọkànlá 1993 ni ilé iṣẹ́ UFC kọ́kọ́ ṣe irú ìdíje yìí ní ìlú Denver ní Amẹ́ríkà. Òfin rẹ̀ kéré púpọ̀ nígbà náà, débi pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè é ní ìwà ẹranko. Ní 2000, ìpínlẹ̀ New Jersey fọwọ́ sí ìlànà tí ọ̀pọ̀ ibi wá ń tẹ̀ lé lẹ́yìn náà: a kò gbọdọ̀ ki ìka bọ ojú, a kò gbọdọ̀ géni jẹ, a kò gbọdọ̀ gbá ẹ̀yìn orí, dókítà gbọ́dọ̀ wà nítòsí, rẹfirí sì lè dá ìjà dúró nígbàkigbà.

Ohun tó gbé e wọ ilẹ̀ wa ni orúkọ àwọn ọmọ wa. Ní oṣù Kẹta 2019, Kamaru Usman, ẹni tí wọ́n bí ní Auchi, gba àmì ẹ̀yẹ àgbáyé UFC ní ìwọ̀n tirẹ̀. Kí ọdún náà tó parí, Israel Adésanyà, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí ní Èkó ní 1989, gba ti ìwọ̀n tó tẹ̀ lé e lókè. Láti ìgbà náà ni ọ̀dọ́ tó rí ara rẹ̀ nínú àwọn méjèèjì ti pọ̀ sí i.

ÌWÉ TÍ KÒ TÓ Ẹ̀RÍ

Ibi tí wàhálà wà nìyí. Àwọn ìjà tó ti pẹ́ láyé ní ètò tí a fi ń mọ ẹni tó kẹ́kọ̀ọ́ yanjú. Kanō Jigorō tó dá júdò sílẹ̀ ní Japan ní 1882 ló fi ètò ìpele àti ìgbànú dúdú lélẹ̀, àwọn oníkàráté àti àwọn mìíràn sì yá a lò. Àwọn oní-taekwondo ní ilé kan ní Seoul, ní Kòríà, tó ń jẹ́ Kukkiwon. Láti 1972 ni ilé náà ti wà, òun ló sì ń fún àwọn ènìyàn ní ìwé ẹ̀rí ìpele tí wọ́n ń pè ní dan. Àwọn oní-jiu-jitsu ti ilẹ̀ Brazil náà ní òfin tiwọn: ẹni tí kò tíì pé ọmọ ọdún 19 kò lè gba ìgbànú dúdú lábẹ́ àjọ wọn tó tóbi jù.

Òbí lè fi irú òfin báyìí ṣe ìṣirò. Nínú taekwondo, ẹni tó bá gba dan kìíní gbọ́dọ̀ lo ọdún kan kó tó lè gba èkejì, ọdún méjì sí i fún ẹ̀kẹta, mẹ́ta fún ẹ̀kẹrin, mẹ́rin fún ẹ̀karùn-ún, márùn-ún fún ẹ̀kẹfà. Ẹ ro ó pọ̀. Ọdún 15 ló kéré jù láàárín dan kìíní àti ẹ̀kẹfà. Bí ọ̀dọ́mọkùnrin ọmọ ọdún 22 bá wá dúró níwájú yín pé òun ti gba dan kẹfà, kò sí ìdí láti bá a jiyàn. Ẹ kí i pé ó dàbọ̀.

Ṣùgbọ́n MMA kò ní irú ètò bẹ́ẹ̀. Kò sí ilé kan ṣoṣo tí gbogbo ayé gbà pé òun ló ń fúnni ní ìgbànú dúdú MMA. Ẹnikẹ́ni tó bá ní pátákó àti ọ̀dà lè kọ ọ́ síta pé ilé ẹ̀kọ́ MMA rèé. Bí ọ̀gá kan bá ní òun ní ìgbànú dúdú nínú MMA, ẹ béèrè pé ta ló dì í mọ́ ọn ní ìdí.

Àwọn kan yóò mú ìwé CAC jáde, èyí tí àjọ tó ń forúkọ ilé iṣẹ́ sílẹ̀ fún wọn. Ìwé tó dára ni, ó sì fi hàn pé onítọ̀hún kò sá fún ìjọba. Àmọ́ ohun tí ìwé náà ń sọ ni pé wọ́n ti fi orúkọ ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀. Kò sọ pé ẹni tó ni ín mọ ìjà, bẹ́ẹ̀ ni kò sọ pé ó mọ bí a ṣe ń kọ́ ọmọ. Bí ẹnì kan bá fi orúkọ ilé iṣẹ́ télọ̀ sílẹ̀ ní CAC, ṣé ìyẹn ni yóò mú kó mọ agbádá rán?

BÍ ÀWỌN BABA WA ṢE Ń MỌ AKỌNI

A kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa mọ ìjà ní ilẹ̀ Yorùbá. Ìjàkadì ti wà kí òyìnbó tó dé. Oríkì àwọn ará Ọ̀fà kò lè parí láìdárúkọ rẹ̀, ìtàn ìjàkadì sì wà nínú ẹsẹ Ifá. Kí ẹ̀yin àgbà tó ń kàwé yìí rántí bó ṣe máa ń rí: àwọn ọ̀dọ́ a kóra jọ ní gbàgede, ìlù a máa dún, èrò a yí wọn ká. Ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ bá kanlẹ̀, gbogbo ìlú ló rí i. Kò sí ẹni tó ń béèrè ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ akọni nígbà náà, nítorí pé ojú ìlú ni ìwé ẹ̀rí rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ ńlá wà nínú èyí. Ojúlówó ni ohun tí a bá dán wò níwájú ẹni tí kò fẹ́ gbà fún wa. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ń kan afẹ́fẹ́ lẹ́ṣẹ̀ẹ́ láti òwúrọ̀ títí di alẹ́, tí ẹnì kejì rẹ̀ sì ń ṣubú kí ọwọ́ tó kàn án, eré ìtàgé ni wọ́n ń ṣe. Ọjọ́ tí olè bá mú un ní ọ̀nà ni yóò mọ̀ pé òun kò kọ́ nǹkan kan.

Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ Ṣáínà ní oṣù Kẹrin 2017. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Wei Lei ń kọ́ni ní tai chi, orúkọ rẹ̀ sì kàn pé agbára rẹ̀ kọjá ti ènìyàn lásán. Xu Xiaodong tó ń kọ́ni ní MMA ní irọ́ ni. Wọ́n pàdé ní ìlú Chengdu. Ìjà náà kò tó ààbọ̀ ìṣẹ́jú tí Wei Lei fi wà nílẹ̀, tí ẹ̀ṣẹ́ ń rọ̀ lé e lórí. Inú àwọn aláṣẹ eré ìjà ilẹ̀ náà kò dùn sí Xu rárá, ṣùgbọ́n gbogbo ayé ti rí ohun tó ṣẹlẹ̀ lórí fídíò.

Àwa náà ní tiwa. Ọ̀gá tó bá ń ta ońdè, ìfúnpá tàbí òkígbẹ́ mọ́ ẹ̀kọ́ ìjà, tó ń sọ fún ọmọ pé bó bá ti wẹ̀ ẹ́ tán, ọ̀bẹ kò ní ran án mọ́, ẹ yẹra fún un. A ti gbọ́ ìròyìn àwọn tó fi ara wọn dán òògùn ayẹta wò tí ìbọn sì pa wọ́n. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ a máa kọ́ ọmọ pé bí ó bá rí ọ̀bẹ, kó kọ́kọ́ wá ọ̀nà sá lọ.

TA NI Ọ̀GÁ Ọ̀GÁ RẸ̀?

Bí a bá fẹ́ fi ọmọ sẹ́nu iṣẹ́ mẹkáníìkì ní Ìfàkì tàbí iṣẹ́ káfíńtà ní Ìdó, ohun tí a máa ń béèrè ni ọ̀dọ̀ ẹni tí ọ̀gá náà ti kọ́ṣẹ́. A ó béèrè ọdún tó lò níbẹ̀ àti ọjọ́ tó gba fúrídọ́ọ̀mù. Ẹni tí wọ́n gbàdúrà fún níwájú àwọn ọ̀gá tó ṣáájú rẹ̀, ẹ̀rí rẹ̀ kò ṣòro rí.

Bẹ́ẹ̀ gan-an ló yẹ kó rí fún olùkọ́ ìjà. Nítorí pé àdàpọ̀ ni MMA, ojúlówó olùkọ́ yóò lè sọ ibi tó ti kọ́ ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan: ẹni tó kọ́ ọ ní ẹ̀ṣẹ́, ẹni tó kọ́ ọ ní ìjàkadì tàbí júdò. Kò pọn dandan kó jẹ́ ọ̀gá nínú gbogbo rẹ̀. Bó bá jẹ́ taekwondo nìkan ló mọ̀, tó sì sọ bẹ́ẹ̀ láìfi bò, olóòótọ́ ni, ọmọ lè kọ́ taekwondo lọ́dọ̀ rẹ̀. Ohun tó burú ni kó gbé orúkọ MMA kọ́ nítorí pé orúkọ náà ló ń tà.

Ẹ wo Adésanyà fúnra rẹ̀. Ó kọ́ taekwondo díẹ̀ nígbà tó wà ní kékeré ní Nàìjíríà, ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ yọ ọ́ kúrò nígbà tó fara pa. Ọmọ ọdún 10 ni nígbà tí ìdílé rẹ̀ lọ sí New Zealand. Ó ti tó ọmọ ọdún 18 kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ìjà ẹ̀ṣẹ́ àti ẹsẹ̀, lẹ́yìn náà ló kó lọ sí ìlú Auckland lọ́dọ̀ Eugene Bareman, olùkọ́ tí gbogbo ènìyàn mọ ilé rẹ̀ tí wọ́n sì mọ àwọn tó ti kọ́ jáde. Ìyá tó yọ ọmọ rẹ̀ kúrò lọ́jọ́ náà kò ba ọjọ́ ọ̀la ọmọ jẹ́. Kí òbí tó bá sọ pé “kò tíì tó àkókò” má bẹ̀rù pé òun ti gba oríire lọ́wọ́ ọmọ òun.

Ẹ̀kọ́ mìíràn tún wà níbẹ̀. Adésanyà ti pàdánù ní gbangba ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Alex Pereira gba àmì ẹ̀yẹ lọ́wọ́ rẹ̀ ní 2022, ó gbà á padà ní oṣù Kẹrin 2023, Sean Strickland sì tún gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án ọdún náà. Ilé ẹ̀kọ́ tó bá jẹ́ ojúlówó kì í fi ìṣubú àwọn ọmọ rẹ̀ pamọ́. Bí ẹ bá béèrè ìdíje tí wọ́n ti lọ, wọn yóò sọ èyí tí wọ́n ja àjàborí àti èyí tí wọ́n ti ṣubú. Ọ̀gá tó ní òun kò ṣubú rí láyé òun, kò sí ẹni tó bá a jà rí.

IBI TÍ A BÁ PÈ LÓRÍ

Àwọn àgbà ní ibi tí a bá pè lórí, a kì í fi tẹlẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọpọlọ ni èyí, kò sì gba àwàdà. Eegun tó bá ṣẹ́ lè jinná, ṣùgbọ́n orí tí a ń lù lójoojúmọ́ kò ní àrọ́wọ́tó. Ilé ẹ̀kọ́ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ tuntun bá àwọn àgbà akẹ́kọ̀ọ́ jà ní ọ̀sẹ̀ tó dé. Wọn yóò kọ́kọ́ kọ́ ọ bí a ṣe ń ṣubú láìfarapa, bí a ṣe ń dáàbò bo ojú, àti bí a ṣe ń fi ọwọ́ lu ilẹ̀ láti ní ó tó. Lọ́jọ́ tí ẹnì kan bá lu ilẹ̀ tí ẹnì kejì kò sì tú u sílẹ̀, kí olùkọ́ bínú. Bó bá rẹ́rìn-ín, ẹ mú ọmọ yín lọ sílé.

Bí orí bá fọ́ ọmọ lẹ́yìn ìdánrawò, tó ń bì, tí ojú rẹ̀ ń ṣú, tó ń béèrè ìbéèrè kan náà lẹ́ẹ̀mẹta, tàbí tí oorun àìròtẹ́lẹ̀ ń gbé e, kò gbọdọ̀ padà sórí ẹní ìjà lọ́jọ́ náà. Ilé ìwòsàn ló kàn. Orí bá wa ṣe é, ilé ìwòsàn ìkọ́nimọ̀ṣègùn ti ìjọba àpapọ̀ wà ní Ìdó-Èkìtì, kò jìnnà sí ẹni tó wà ní Ọyẹ́. Ẹ bi olùkọ́ pé: “Bí ọmọ mi bá dákú níbí lónìí, ta ni yóò gbé e, ọkọ̀ wo ni wọn yóò fi gbé e, ibo ni wọ́n ń gbé e lọ?” Ẹni tó ti ronú sí i yóò dáhùn kíá.

Ọ̀rọ̀ dídín ìwọ̀n ara kù tún wà. Àwọn oníjà kan a máa febi pa ara wọn, wọn a sì kọ omi, kí wọ́n lè wọ ìwọ̀n tó kéré sí tiwọn. Ní oṣù Kejìlá 2015, ọmọ Ṣáínà kan tó ń jẹ́ Yang Jian Bing, ọmọ ọdún 21, kú ní Manila nígbà tó ń gbìyànjú èyí ṣáájú ìjà rẹ̀. Ilé iṣẹ́ tó ṣètò ìjà náà yí òfin rẹ̀ padà lẹ́yìn ikú náà. Olùkọ́ tó bá ní kí ọmọ ilé ìwé má mu omi, ọmọ yín kò gbọdọ̀ wà lọ́dọ̀ rẹ̀.

Ẹ má sì jẹ́ kí ilé ńlá tàn yín. Ìlú Senegal ni ìjàkadì ti gbajúmọ̀ jù ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, orí yanrìn sì ni àwọn akọni wọn ti ń jà. Pápá ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó ní koríko tàbí yanrìn rírọ̀ sàn ju gbọ̀ngán tó ní dígí àti sìmẹ́ǹtì gbígbẹ lọ.

ILẸ̀KÙN TÓ ṢÍ SÍLẸ̀

A padà sí ẹ̀rù kẹta tó wà lọ́kàn bàbá wa. Òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti 1999, ní abala 38, sọ ọ́ gbangba pé ẹ̀tọ́ òmìnira ìgbàgbọ́ kò fún ẹnikẹ́ni láyè láti dá ẹgbẹ́ òkùnkùn sílẹ̀ tàbí láti wà nínú rẹ̀. Eré ìdárayá kò sì ní òkùnkùn nínú. Bí wọ́n bá ní òru ni ìdánrawò, inú igbó ni, òbí kò gbọdọ̀ wá, akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ búra kó tó wọlé, wọ́n ń lu ẹni tuntun kí wọ́n lè gbà á wọlé, ẹni tó bá fẹ́ kúrò kò lè kúrò: èyí kì í ṣe ilé ẹ̀kọ́ ìjà mọ́. Kò gba ìdúró rárá.

Àwọn ọmọbìnrin náà ń kọ́ ìjà, ó sì dára. Ọdúnayọ̀ Adékúoròye ti gba góòlù ìjàkadì ní ìdíje Commonwealth ní 2014, 2018 àti 2022. Blessing Oborududu sì gba fàdákà ní Tokyo ní 2021, òun ló kọ́kọ́ gba àmì ẹ̀yẹ ìjàkadì Olympics fún Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tó jẹ́ pé a máa ń di ara mú ni. Olùkọ́ kò gbọdọ̀ dá wà pẹ̀lú ọmọ nínú yàrá tí ilẹ̀kùn rẹ̀ tì. Èkìtì ní òfin tó lòdì sí ìwà ipá sí obìnrin láti 2011, wọ́n sì tún un ṣe ní 2019. Kí òbí má fi ẹjọ́ pamọ́ nítorí ìtìjú.

OHUN TÍ ÒBÍ LÈ ṢE

Kí bàbá tó wà ní Ìjẹ̀ṣà-Isu má ṣe kọ̀, kó má sì tíì sanwó. Kó sọ fún ọmọ rẹ̀ pé òun ń bọ̀ wá wo ibẹ̀. Lọ́jọ́ tó bá lọ, kó má sọ wákàtí tí òun yóò dé. Kó jókòó, kó wò wọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ìparí. Kó wo ojú àwọn ọmọ tó kéré jù níbẹ̀: ṣé ẹ̀rù ń bà wọ́n àbí wọ́n ń rẹ́rìn-ín? Kó wo bí olùkọ́ ṣe ń bá ẹni tó ṣe àṣìṣe sọ̀rọ̀. Kó bá òbí mìíràn tí ọmọ rẹ̀ ti pẹ́ níbẹ̀ sọ̀rọ̀. Kó béèrè ní ẹ̀ka eré ìdárayá yunifásítì náà bóyá wọ́n mọ ọ̀gá yìí, kó sì béèrè lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ eré ìdárayá ìpínlẹ̀ ní Adó-Èkìtì.

Nípa owó, kó san ti oṣù kan ṣoṣo, kó sì gba rìsíìtì. Ọ̀gá tó bá fẹ́ gba owó ọdún kan lẹ́ẹ̀kan náà, tó ń ṣèlérí pé ìgbànú dúdú yóò dé lóṣù mẹ́fà, ìgbànú ló ń tà, kì í ṣe ẹ̀kọ́. Bákan náà ni ẹni tó bá ń ṣèlérí Amẹ́ríkà àti dọ́là fún ọmọ tí kò tíì mọ bí a ṣe ń dúró.

Àwọn àgbà ti sọ ọ́ pé ìjà kò dọlà, orúkọ ló ń sọni. Díẹ̀ nínú ẹgbẹẹgbẹ̀rún ló ń fi ìjà là. Ohun tí àwọn yòókù lè rí gbà ni ara líle, sùúrù, ìtẹríba fún olùkọ́, àti ọgbọ́n láti kúrò níbi tí ìjà bá ti fẹ́ ṣẹlẹ̀. Bí ọmọ bá lọ fún oṣù mẹ́ta tó sì ń wá ẹni tí yóò lù ládùúgbò, ẹ̀kọ́ náà kò yè. Bó bá túbọ̀ ń rọ̀, tó ń tètè jí, tó ń kí ènìyàn, tó sì ń ka ìwé rẹ̀, ẹ máa bá a sanwó lọ.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ òyìnbó tó wà lára pátákó dẹ́rù bà yín. Ẹ dìde, ẹ lọ wò ó. Ọ̀gá tó jẹ́ ojúlówó yóò fún yín ní àga kí ẹ jókòó.